Àǹtí Rẹ Ní Kí Wọ́n Ka Òun Mọ́ Eku

Ọmọ mi àtàtà, Dókítà tí kì í fúnni lábẹ́rẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ̀ wá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tí o ń ṣe di àṣedànù. Lẹ́tà ni mo kọ, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bá fóònù sọ láti Ọjọ́ Ajé, tí mo ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí o lè ráyè fèsì, tísà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní n kò tẹ nọ́ńbà rẹ rárá, pé ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ ń kí ọ, eékún rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Àwọn èèyàn ò yéé wá sílé wa, èyí orí fífọ́, èyí ẹ̀yìn ríro, wọ́n ní ṣebí ilé dókítà nìyí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí, pé iṣẹ́ tìrẹ ni bí ara ṣe ń kó pàǹtí inú rẹ̀ dànù. Pé ohun tó bá ti bàjẹ́, ara á lẹ nǹkan mọ́ ọn, bí ìjọba ṣe ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó, ẹ̀rọ á sì wá lọ̀ ọ́ kúnná. Pé bí ara bá wó èyí tí kò yẹ, tó wá fi èyí tó yẹ sílẹ̀, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń ráyè wọlé. Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ní ṣé gbálẹ̀gbálẹ̀ ni ọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ inú ara lo ti ń gbá tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ aránṣọ, àbúrò bàbá rẹ, gan-an ni mo fẹ́ sọ. Kókó tó yọ sí i lọ́mú yẹn, ó kọ̀ jálẹ̀, kò lọ sọ́sibítù. Ó ní òun ń dúró de oògùn tí ọmọ òun ń sè lọ́wọ́. Mo ní ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé oògùn náà ò tíì kúrò lọ́dọ̀ eku, pé àwọn eku tí ẹ fún ló yè. Ó ní bí eku bá yè é, kí wọ́n kúkú ka òun mọ́ eku. Mo bẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ bẹ̀ ẹ́, ó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ó sú mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ọjọ́ tí o wá pè é fúnra rẹ, mi ò mọ ohun tí o sọ. Mo kàn rí i tó gbé fóònù sílẹ̀, tó ká gbogbo aṣọ tí kò tíì gé, tó ń dá a padà fún àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹkún lo ń sun, o ní iṣẹ́ rẹ ò lè sáré tó kókó yẹn. Ó ní ká máa lọ sọ́sibítù.

Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan. Dókítà ibẹ̀, èyí tó ń fúnni lábẹ́rẹ́, ní ó jọ pé kò tíì ràn dé abíyá, ṣùgbọ́n oògùn ṣì pọ̀ tí yóò gbà sára. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn mi ti fẹ́ kán.

Mo gbọ́ pé àwọn tó ń fún yín lówó iṣẹ́ tún ti kọ̀, tí o ní ó ti sú ọ, pé bóyá kí o fi í sílẹ̀. Ọmọ mi, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé o kì í kí wọn dáadáa. Wo bí èmi ṣe ń kọ ọ́ sí ọ: mo kí ọ, mo ṣàdúrà, mo ròyìn ilé, kí n tó béèrè, o ò sì já mi kulẹ̀ rí. Nítorí náà, jọ̀ọ́, wá nǹkan ránṣẹ́ fún oògùn àǹtí rẹ, kí o bu díẹ̀ sí i fún eékún bàbá rẹ.

Ọwọ́ rẹ á ká iṣẹ́ rẹ. O ò ní rí àìsàn. Ohun tí o ń wá, Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí i.

Àǹtí rẹ ò jẹ́ kí n ká bébà. Ó ní òun sọ fún wọn ní ọsibítù pé kí wọ́n má da ohun tí wọ́n gé yẹn nù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun, ó mọ ohun tí yóò fi ṣe. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Àǹtí rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ó ti dé, àti pé kí o jọ̀ọ́ má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀ kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.