Bóòtù Tó Wà Nínú Báàgì Mi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n di opó. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi yìn ín ná… Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín, nítorí inú mi kò mọ́ rárá.

Ọkọ mi ló ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré fún iléeṣẹ́ kan. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bó ṣe ń balẹ̀ ní Ìkẹjà, táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá ká sábẹ́, apá ọkọ̀ lu ilẹ̀, ó wó lẹ́gbẹ̀ẹ́… Ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ fọ́. Ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà ni mo ti bá a. Bóòtù, irin tí wọ́n fi de ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ló já. Ta ló dè é? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, mẹkáníìkì àgbà níbi iṣẹ́ wọn, ẹni tó mú un wá sí Èkó tó sì rán an lọ sílé ìwé. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ! Kí ọkọ̀ náà tó já, ó jókòó ní pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè, ọkọ mi wà ní balùwẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ń jẹ ìrẹsì mi, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ìyàwó, wọ́n ní ká dúró de bóòtù tuntun láti ìlú òyìnbó. Mo yọ ọ̀kan lára ọkọ̀ tó ti kú, mo kùn ún lọ́dà. Ó ń dán ju tuntun lọ! Ta ló fẹ́ mọ̀?”

Nígbà tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wá bi í, kí ló sọ? Ó ní ọwọ́ ọkọ mi ló wúwo, pé ó já ọkọ̀ lu ilẹ̀. Wọ́n ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un, ó ní òun ò lè dójú ti ẹni tó tọ́ òun, kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣé Ọlọ́run ló kùn ún lọ́dà ni?

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni yóò ṣe Bàbá Ìsìn, òun ni yóò di ọkọ mi lọ́wọ́ mú dé iwájú pẹpẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, sà… Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbà ni! Nínú ìjọ wa ní Yábàá, ẹni tó ń dúpẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í já a lẹ́nu. Èmi ni n ó sì jẹ́rìí, torí ọkọ mi ò lè dúró pẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ti mú ègé bóòtù náà wá fún mi. Ọ̀dà tuntun lókè, ìpẹtà nínú. Ó wà nínú báàgì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n dúró síwájú gbogbo ìjọ nínú agbádá funfun rẹ̀, kí n gbé bóòtù náà sókè, kí n bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n…

Bí mo bá ṣe é, ọkọ mi lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí n kò bá ṣe é, awakọ̀ tí kò mọṣẹ́ ni wọn yóò máa pè é títí ayé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni òtítọ́ níwájú pẹpẹ, bó bá jẹ́ pé ẹ̀san ló wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ ọ́? Kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n gbàgbé o.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi yìí, bí ẹ bá jáde, ẹ ó padà sílé yín ní àlàáfíà. Ohun tí ẹ gbára lé kò ní já mọ́ yín lábẹ́.