Ọwọ́ Tí Mo Fi Já Orí Igbó

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí mi ò sí nílé láti sin,

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi. Mo ti fi ọwọ́ tí ẹ kọ́ níṣẹ́ oko tọ́jú igbó, èyí tí wọ́n ń fà bíi sìgá. Mi ò mu ún. Mo tọ́jú rẹ̀, mo já orí rẹ̀, ó sì yọ ẹ̀ka dáadáa.

Ẹ rántí Wásíù, ọmọ Ìyá Alákàrà, tí a jọ lọ sí iléèwé abúlé wa. Òun ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí mo dé ìlú òyìnbó yìí. Ó fún mi ní yàrá kan nínú ilé tó ń gbé ní àdúgbò Thamesmead. Oúnjẹ rẹ̀ ni mo ń jẹ kí n tó ríṣẹ́ nílé àwọn arúgbó. Jákẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ nínú òtútù àkọ́kọ́, tirẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n pè pé ẹ ti lọ, ó jókòó tì mí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń po tíì fún mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn nípa rẹ̀ kí n tó sọ ìyókù.

Nígbà tí òtútù dínkù, Wásíù gbin kóró mẹ́sàn-án sínú ike, ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lókè, ó gbé iná sí wọn lórí. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo ní ilé rẹ̀ ni, kò kàn mí. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo gòkè lọ mú aṣọ, mo bá a tó di sísọ́ọ̀sì mú, ó ń gé orí èyí tí kò tíì ju ewé méjì lọ. Méjì ti rọ. Inú bí mi, bàbá mi. Mo gbàgbé orúkọ ohun tó wà níwájú mi. Irúgbìn ni mo rí, mo sì rí ẹni tó ń pa á.

“Ta ló ní kó o gé e báyìí?”

“Mo rí i lórí fóònù. Wọ́n ní tí mo bá gé e, á yọ ẹ̀ka púpọ̀.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ní kó o gé e?”

“Ìgbà wo báwo? Ṣebí orí ni orí.”

“Ọmọ tí ò tíì lè jókòó lo fẹ́ kó máa sáré, Wásíù.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa, Purofẹ́sọ̀ Àgbẹ̀. Wá kọ́ wa.”

Ìyẹn ló mú mi. Ká ní ó bínú sí mi ni, ǹ bá ti jáde.

Mo kọ́ ọ bí ẹ ṣe kọ́ mi nínú oko ata. Ẹ kì í fi irin kan ata. Ẹ máa ń dúró kí igi rẹ̀ le, kí ojú kéékèèké máa yọ ní ìdí ewé, kí ẹ tó fi èékánná àtàǹpàkò já ṣóńṣó rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni, ẹ ó sì máa súfèé, orin tí kò lórí tí kò nídìí. Ẹ tún máa ń sọ pé ẹni tó bá já orí irúgbìn kò gbọdọ̀ sun ìta títí yóò fi yọ ẹ̀ka. Ó ti dá a lóró, kó dúró tì í. Mo mú kí Wásíù ní sùúrù. Nígbà tí ó tó, èmi fúnra mi ni mo já méjèèje tó kù. Ìgbà tí mo dé ìkarùn-ún ni mo gbọ́ pé mò ń súfèé. Súfèé yín ni. Lẹ́yìn náà mo já méjì tó kù.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà?

Ẹ rántí ọdún tí àwọn ará abúlé gbin igbó sí ẹ̀yìn kòkó, tí wọ́n fi páànù tuntun bo ilé wọn. Ilé tiwa ń jò. Ẹ kọ̀ jálẹ̀. Mo gbé ẹní mi kúrò lójú kan nígbà mẹ́ta nínú òjò kan ṣoṣo, mo wá sọ ọ́ sójú yín pé àwọn bàbá yòókù ń ro ti ọmọ wọn. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò, ẹ sì padà lọ sùn. Mi ò kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ rí. Ṣé ẹ̀yin náà gbàgbé rẹ̀, àbí ẹ gbé e lọ?

Ẹ̀ka yọ, ewé pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Níbi iṣẹ́, Auntie Bọ́sẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá wa fa imú sí mi lára.

“Kí lò ń mu?”

“Auntie, mi ò mu nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò wa ni.”

“Ìwọ tó o máa ń sọ òótọ́ bí ẹni ń ju òkò. Lọ fọwọ́ ẹ kó o tó kan bàbá yẹn.”

Mo fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá òyìnbó tí mò ń fún lóúnjẹ di àtàǹpàkò mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó di ọwọ́ yín mú níkẹyìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún Wásíù pé mo fẹ́ fa igbó náà tu. Mi ò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní mò ń ṣeré.

“O ò lè fà á tu. Ìwọ lo tọ́ ọ.”

“Torí pé èmi ni mo tọ́ ọ ni.”

“Tó o bá fọwọ́ kàn án, kó ẹrù ẹ.”

Mo fọwọ́ kàn án. Gbòǹgbò wọn ti dì mọ́ra, wọ́n funfun, wọ́n mọ́. Ẹ má bínú, mo sunkún. Irúgbìn tó dára ni wọ́n. Wásíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò nà mí, kò pariwo. Nígbà tí mo fa èyí tó kẹ́yìn, ó ní, “Lọ́jọ́ tó o dé, ta ló wá pàdé ẹ?” Mo kó ẹrù mi.

Yàrá kan ní Woolwich ni mo wà báyìí. Auntie Bọ́sẹ̀ ló bá mi wá a, kò béèrè ìdí. Mò ń pe Wásíù lójoojúmọ́, kò gbé e. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, mi ò sì ní sọ. Ẹ̀yin nìkan ni.

Ata kan ṣoṣo tó hù nínú kóró tí ẹ dì sínú ọ̀rá fún mi nígbà tí mò ń bọ̀, mo gbé e wá nínú garawa ọ̀dà. Ó wà lójú fèrèsé. Igi rẹ̀ ti le, ojú ti yọ ní ìdí ewé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti tó já. Lárààárọ̀ ni mò ń fọwọ́, tí mò ń dúró tì í, tí mo sì ń fi í sílẹ̀. Tí mo bá já a, mi ò gbọdọ̀ sun ìta. Tí Wásíù bá sì pè, tó ní kí n máa bọ̀, Thamesmead ni mo máa sùn lọ́jọ́ náà.

Èmi ni, ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ lójú ayé yín lọ.