Eré Ìje Tí Mo Ṣe Adájọ́ Rẹ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Fọláwẹwọ́,
Joju, Ṣàngó-Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2013.

Ìsmáílà, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ wà? Ṣé ìkókó ti ń jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì rí oorun sùn? Bàbá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò ṣe bẹbẹ ní Ìwó lọ́dún yìí. Ọlọ́run yóò bù sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo yín. Ní tiwa níbí, ara le, a dúpẹ́. Èéfín ilé iṣẹ́ irin kò kúrò lójú ọ̀run, aṣọ funfun tí mo sá lánàá ti di aláwọ̀ eérú kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n ilé ayé ti mọ́ wa lára bẹ́ẹ̀.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi, níbi tí o ti ń kí mi kú oríire. O ní o ka ohun tí mo kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa ìdánwò tí mo ṣe, pé o tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé ọmọ Ìwó ń ṣe gudugudu méje l'Ọ́tà. Jọ̀wọ́, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù, àní mo tẹ nọ́ńbà rẹ, mo tún pa á. Ojú ń tì mí. Ohùn mi kò ní lè gbé ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀, ni mo fi ní kí n kọ ọ́.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí àwọn ìjọ ńláńlá ti ń kọ́lé sí agbègbè yìí, tí yunifásítì sì ń hù bí olú, irú wa kì í wá iṣẹ́ tì. Ìjọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú ló gbé iṣẹ́ wá fún wa. Wọ́n fẹ́ ìkànnì kan tí àwọn ọmọ tó ń wọlé yóò ti forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n yóò sì ti mú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kà, gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá tètè dé ni yóò rí àyè. Tí àyè bá ti kún, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Kí n là á yé ọ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ṣí ìkànnì, ńṣe ló dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ohun kan ní láti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn tí yóò dá a lóhùn, tí yóò bi í pé kí ló fẹ́, tí yóò sì lọ gbé e wá fún un. Àwa kì í kọ nǹkan ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti kọ ọ́ kalẹ̀ fún aráyé, àwa kàn ń mú un lò ni. Méjì ló wà níwájú wa tí à ń yàn nínú wọn. Ọ̀kan ti wà tipẹ́, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ariwo rẹ̀ ló sì gba ìgboro. Ní ọ́fíìsì, Àgbà là ń pe ti àkọ́kọ́, Ọ̀dọ́ là ń pe èkejì.

Ràfátù Múìdéènì, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Àgbà ló fẹ́. Èmi, Ọ̀dọ́ ni mo fẹ́. Ràfátù kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sínú, èmi náà kì í gbà, ojoojúmọ́ là ń jiyàn títí ọ̀gá fi ní kí n dán àwọn méjèèjì wò, kí n mú èsì wá. Ìsmáílà, ẹni tó ti mọ ẹni tí yóò dá láre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, irú adájọ́ wo nìyẹn?

Mo kọ ètò kékeré kan tó ń ṣe bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tú wọn sí Àgbà. Ó ń mí hẹlẹ, ó ń dá wọn lóhùn díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn dúró pẹ́ kó tó kàn wọ́n. Mo tú wọn sí Ọ̀dọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dá gbogbo wọn lóhùn tán! Mo fò sókè lórí àga. Mo rí i o, ojú mi yìí ló rí i, pé ohun tí Ọ̀dọ́ ń fún wọn padà kéré jọjọ, kò tó ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rárá. Ọkàn mi ní kí n ṣí i wò. N kò ṣí i. Mo ti rí ohun tí mò ń wá.

Lọ́jọ́ tí mo gbé èsì náà lọ síwájú àwọn aláṣẹ yunifásítì, kóòtù ni mo wọ̀. Mo fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri, òpó gíga fún Ọ̀dọ́, òpó kúkúrú fún Àgbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ràfátù nawọ́ sókè.

“Adérógbà, ṣé o ṣí àwọn èsì yẹn wò? Kí gan-an ni Ọ̀dọ́ ń sọ fún wọn?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ràfátù, ẹni tí wọ́n bá dá, kì í ṣàìsọ pé ilẹ̀ ló yọ̀.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó rọra jókòó. Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, ọ̀gá yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà, ó ní ó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ohun tí o kà. Àwọn ènìyàn láti òkè òkun ń yìn mí, orí mi ń wú.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ pé. Yunifásítì to kọ̀ǹpútà sínú gbọ̀ngàn ńlá kan fún àwọn tí kò ní tiwọn. Àwọn òbí ti wá láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, àwọn mìíràn gba ọ̀nà láti òru. Iwájú ni wọ́n gbé mi jókòó sí. Pásítọ̀ gbàdúrà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, gbogbo ilé ṣe àmín. Wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn èyí, ohun kan náà ló jáde lójú gbogbo kọ̀ǹpútà: “Kò sí àyè báyìí, ẹ padà wá.” Ọmọbìnrin kan tó wà nítòsí mi tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ dìde dúró, ó ń pariwo pé, “Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọmọ mi fẹ́ kọ́ o! Ẹ gbà wá, àyè á kún mọ́ wa lórí!”

Mo ṣí kọ̀ǹpútà tèmi, ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Bí èrò bá ti pọ̀ jù, Ọ̀dọ́ kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ńṣe ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó kanlẹ̀kùn pé kò sí àyè, ó sì ń sọ ọ́ kíákíá. Ètò tí mo fi dán an wò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín “ẹ wọlé” àti “ẹ máa lọ.” Ó ṣáà ti dáhùn, ètò mi ti kà á sí iṣẹ́. Gbogbo eré tí mo kan sáárá sí, àlejò ló ń lé. Àgbà tó ń mí hẹlẹ, ó ń gba àlejò wọlé ni.

Akọ̀wé Àgbà yunifásítì, ìyá kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, dé ọ̀dọ̀ mi. “Ẹnjiníà, kí ló ń ṣẹlẹ̀?”

Mo ya ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, “Ó jọ pé láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà.”

Ọkùnrin tó fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí gbọ̀ngàn náà ni wọ́n ń pè ní Àmọ̀dá. Joju níbí ló ń gbé. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ “ẹ” ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, “Ẹnjiníà, ẹ kú àárọ̀ o.” Wọ́n pè é síwájú. Ó ní kò sí ohun tó ṣe wáyà òun, kí wọ́n wá wò ó. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Bàbá kan gbá fìlà bọ́ lórí rẹ̀. Akọ̀wé Àgbà ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kó má padà wá mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dì í mú lápá, wọ́n mú un la àárín èrò kọjá, àwọn òbí ń ṣépè. Bàtà mi ni mò ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn. N kò gbé ojú sókè.

Ràfátù, tó wá fúnra rẹ̀, dé láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó wo kọ̀ǹpútà mi, ọ̀rọ̀ yé e lójú ẹsẹ̀. Mo ti ń retí kó fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn ní, “Dìde. Ti Àgbà tí mo ti ṣe sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.” Bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ọkùnrin yẹn ńkọ́?”

Mo ní, “Jẹ́ ká kọ́kọ́ tún èyí ṣe ná.”

Ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sì wò mí mọ́.

Àgbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò yá, àwọn ọmọ ń dúró, ṣùgbọ́n ó ń gbà wọ́n wọlé. Ọmọbìnrin yẹn rí nọ́ọ̀sì rẹ̀ mú, ìyá rẹ̀ sì wá dì mọ́ mi, ó ń súre fún mi. Akọ̀wé Àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ìjọ yóò máa rántí mi. Ìsmáílà, èébú ì bá sàn fún mi ju àdúrà ìyá yẹn lọ. Ibẹ̀ ni n kò ti lè gbà á mọ́ra.

Mo ní, “Mà, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ mi ni kò dára. Ràfátù ló tún un ṣe. Nígbà tí ẹ bi mí, mo mọ̀.”

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. “O mọ̀? O wá jẹ́ kí n lé ọlọ́mọ nítorí rẹ?”

Ọ̀gá ní kí n lọ sílé títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tó ránṣẹ́, abẹ́ Ràfátù ló fi mí sí, ibẹ̀ náà ló sì tọ́ sí mi. Mo ti kọ òtítọ́ èsì ìdánwò náà síbi tí mo kọ irọ́ sí, mo kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà. Wọ́n bú mi débi tó dé. Ìyẹn kò dùn mí.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Lọ́jọ́ kejì ìforúkọsílẹ̀ yẹn, mo lọ bá Àmọ̀dá nílé. Iwájú ilé ló wà, ó ń ká wáyà. Ìyàwó rẹ̀ rí mi, ó wọlé, kò jẹ́ ìkíni mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fà mí dìde. Ó ní yunifásítì ti ránṣẹ́ wá bẹ òun, ṣùgbọ́n òun kò ní padà, pé ilé iṣẹ́ pọ̀ ní Ṣàngó tí wọn yóò nílò ẹni tó mọ wáyà fà.

Mo ní kó jọ̀wọ́ kó má bínú sí mi.

Ó gbé wáyà sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti mọra, ó pè mí lórúkọ.

“Adérógbà, n kò bínú sí àwọn tó ń fà mí, wọn kò mọ nǹkan kan. Ojú rẹ ni mò ń wò. Mo ní, á sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ní, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí. Títí mo fi dé ẹnu géètì.”

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò lé mi, kò sì ní kí n jókòó.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti Bàbá, bá mi gbé ìkókó jó. Tí o bá pàdé ìyá mi lọ́nà, kí wọn fún mi, ṣùgbọ́n má sọ nǹkan kan. Mò ń bọ̀ nílé ní Sátidé. Ẹnu èmi fúnra mi ni wọn yóò ti gbọ́ ọ, èmi náà yóò sì máa wò wọ́n lójú bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì gbà mí bẹ́ẹ̀,

Adérógbà Pamílẹ́rìn.