Màmá Luvenia Bascom, Ẹni Tó Ń Fi Orin Béèrè Àlàáfíà Òpópónà Sycamore (1943–2024)

Nínú ilé onígi kan lẹ́yìn oko òwú, nítòsí Eutaw ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni wọ́n bí Màmá wa, Luvenia Tarver Bascom, sí ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1943. Bàbá wọn ni Díákónì Rufus Tarver, tó ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìwé orin ò tíì kárí. Ìyá wọn ni Idella, tó ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin agbègbè náà. Idella máa ń sọ pé Luvenia ò sunkún nígbà tí wọ́n bí wọn, ohùn orin ni wọ́n ń wá.

Kíláàsì kẹjọ ni wọ́n kàwé dé kí oko òwú tó gbà wọ́n lọ́wọ́ tíṣà. Ní 1961 wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Merrow níbí, ní ìpínlẹ̀ Ohio, pẹ̀lú adìyẹ díndín nínú páálí bàtà láti jẹ lọ́nà. Ní 1964 wọ́n di aya Ọ̀gbẹ́ni Clarence Bascom, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò lè kọrin rárá, tí Màmá sì ń kọ́ ní orin lójoojúmọ́ láìrẹ̀wẹ̀sì títí Ọlọ́run fi pè é ní 2003. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ní ìjọ Onítẹ̀bọmi Bẹ́tánì, ohùn òkè ni tiwọn. Bí wọ́n bá gbé e, ẹni tó ń sùn á jí, ẹni tó ń bínú á rẹ́rìn-ín.

Ní 2007, àwọn olè ń fọ́lé ní òpópónà Sycamore lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọlọ́pàá wá sí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wá ará àdúgbò tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò nawọ́ sókè. A mọ ìdí. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹnìkan pe ọlọ́pàá nítorí olè, ọmọ onílé ni ìbọn ọlọ́pàá bá. Látìgbà náà, ẹ̀rù olè ń bà wá, ẹ̀rù ẹni tó ń lé olè náà ń bà wá.

Màmá dìde. Wọ́n ní àwọn á yọ̀ǹda ara àwọn, ṣùgbọ́n kí ọlọ́pàá kankan má kan ilẹ̀kùn arúgbó kí ẹni tí arúgbó náà mọ̀ tó kọ́kọ́ pè é. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní òun á rò ó.

Màmá ń lọ sí tésàn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Tuesday fún ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé kí wọ́n wò, kí wọ́n rántí aṣọ àti nọ́ńbà mọ́tò, kí wọ́n sì tẹ tésàn láago. Kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n fún wọn ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òféèfé. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa tẹ àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé láago láràárọ̀. Màmá ò béèrè pé ṣé dáadáa ni. Orin ni wọ́n ń dá: "Ilẹ̀ mọ́, mo rí i o, ta ló tún rí i?" Ẹni náà á gbè é: "Èmi náà rí i, ojú mi là." Ọ̀gbẹ́ni Roosevelt Gaines, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé ohùn Màmá dà bíi géètì tó dípẹtà. Màmá á ní géètì tó ń han ni olè ń sá fún.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kejì 2011, tí yìnyín bo ilẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gaines ò gbé fóònù. Màmá pe tésàn, wọ́n sì wọ jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n bá Sájẹ́ǹtì Wozniak àti ọlọ́pàá mìíràn lórí ìloro, tí wọ́n ti fẹ́ já ilẹ̀kùn. Màmá mọ̀ pé olè ti fọ́ ilé yẹn rí, pé ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá náà. Wọ́n dúró sí iwájú ilẹ̀kùn.

Sájẹ́ǹtì ní, "Ìyá, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Ó lè máa kú lọ nínú ibẹ̀."

Màmá ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ bàtà yín, olè ló máa pè yín. Ẹ jẹ́ kí n kọrin sí i ná."

Sájẹ́ǹtì náà wo ilẹ̀kùn, ó wo Màmá, ó sì sún sẹ́yìn. Màmá dá orin. Kò sí ìdáhùn. Wọ́n tún un dá. Ìgbà náà ni ohùn kan, tó ti há, gbè é láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀: "Èmi náà rí i." Ó ní, "Luvenia, mo ti ṣubú. Ṣé ìwọ nìkan ni?" Màmá ní àwọn àti ọlọ́pàá méjì ni, ọmọ dáadáa ni wọ́n, kó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ bí ìbọn náà ṣe kanlẹ̀ nínú ilé.

Egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Ìbọn rẹ̀ ṣì kọjú sí ilẹ̀kùn níbi tó gbé e sí. Ọ̀sẹ̀ náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá sọ ohun tí Màmá béèrè di òfin iṣẹ́, nígbà tó sì di Tuesday, àga ò tó ní tésàn. Ará Sycamore ló kún ibẹ̀.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2024. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Delphine, Curtis àti Rosetta, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, àbúrò wọn, èmi Earlene tí mo ń bá àdúgbò pè wọ́n ní Màmá, tí ẹbí ní kí n kọ ìtàn yìí, Sájẹ́ǹtì Wozniak, tó bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun wà lára àwọn tó ń gbé pósí, àti Ọ̀gbẹ́ni Gaines, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó ń tẹ àwọn aládùúgbò láago láràárọ̀ báyìí láti orí àga rẹ̀, tí orin rẹ̀ kò sì tọ̀nà títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ìrọ̀lẹ́ Tuesday ṣì ni ẹ̀kọ́ ní tésàn. Kò di dandan kí ohùn yín dùn.

Ẹ rọra máa lọ, Màmá. Orin tí ẹ bá bá lẹ́nu wọn lọ́run ni kí ẹ bá wọn gbè. Ẹ sinmi o, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn dá a.