Kò Sẹ́ni Tó Ń Bá Mi Jà Mọ́

Adabraka, Àkírà, Gánà
Oṣù Kẹfà, 1961

Tàjùdíìnì àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Ara gbogbo ilé le. Ojú iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ṣe fún mi lọ́dọ̀ yín ti jinná, mo sì ti padà sídìí ọṣẹ tí mò ń tà.

Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó bá mi jà. Ojúọlá orogún mi, tí kò kí mi láti ọdún mẹ́ta, ló ń gbé omi ìwẹ̀ gbígbóná fún mi láràárọ̀. Àwọn oníbàárà tó máa ń ná ọjà mi títí ọ̀fun á fi gbẹ, iye tí mo bá pè ni wọ́n ń san. Mo mọ̀ọ́mọ̀ da iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀ lánàá. Ọkọ mi jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn.

Lẹ́tà rẹ kan ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Kí ni dókítà sọ fún ọ tí ẹ pa mọ́ fún mi?

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Fi oògùn mi ránṣẹ́. Kí o sì bá mi jiyàn nínú èsì rẹ bí o ṣe máa ń ṣe. Bí o bá fi ohùn jẹ́jẹ́ dá mi lóhùn, ó ti yé mi náà nìyẹn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìdíátù