Agogo Ìyá Àdúrà

Òkìtìpupa, Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹwàá, 1995

Òórùn àbẹ́là ṣì wà lára sùtánà mi. Orí mi fúyẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí bí òwú tí atẹ́gùn ń gbé lọ.

Láti ìgbà tí mo ti jábọ́ lórí ọ̀kadà, orí mi ò gba ariwo mọ́. Dókítà ní kí n máa sinmi kó tó rẹ̀ mí, kí n sì máa sọ ohun tí mi ò lè fara dà. Ìyẹn gan-an ló le. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Ìyá Àdúrà ìjọ wa ń mi agogo yí orí mi ká, kí àìsàn lè sá. Ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó ń gbààwẹ̀ nítorí ẹni?

Lónìí, mo di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, agogo yìí ló ń dá ẹ̀fọ́rí náà padà."

Gbogbo ìjọ yíjú sí wa. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń sá fún agogo.

 Ìyá jókòó tì mí lórí iyanrìn ilẹ̀ àdúrà, wọ́n ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Mi ò mọ ìgbà tí mo sùn lọ. Nígbà tí mo jí, gbogbo èèyàn ti lọ. Ìyá nìkan ló kù, wọ́n fọwọ́ di agogo náà lẹ́nu, kó má baà dún.