Ọwọ́ Opó nínú Dígí

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹrin, 1936
Ìsinmi Àjíǹde. Dípò kí n kàwé — Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fìdí rẹmi nínú ìdánwò — mo tẹ̀ lé Àǹtí Thelma lọ síbi iṣẹ́. Fíìmù òkú amùjẹ̀ ni wọ́n ń yà. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, ọkọ kú. Nínú èyí tí wọ́n ń yà báyìí, ìyàwó rẹ̀ ló ń mùjẹ̀. Opó ni mo sọ òṣèré náà.

Iṣẹ́ Àǹtí ni kó máa ṣọ́ gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá rí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí àbẹ́là tó ti jó dé ìdajì má tún gùn sí i nínú ìran tó kàn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń lọ. Èmi nìkan ló mọ̀.

"Ìwọ ni ojú mi," ló wí. "Bí o bá rí nǹkan, já mi léèékánná lápá."

Ìṣẹ́gun, 7
Bọ́tìnnì Opó tú. Mo já Àǹtí léèékánná, mo sọ ọ́ sí i létí. Ó pariwo pé kí wọ́n dúró, wọ́n yìn ín. Inú mi dùn bíi pé èmi ni.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ìran dígí. Ta ni kò mọ̀ pé òkú amùjẹ̀ kì í hàn nínú dígí? Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ Dákẹ́ — Ọ̀gbẹ́ni Pruett, olùdarí, tí ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ — ti gbaná jẹ. Lẹ́ẹ̀kẹfà, Opó kọjá, mo sì rí i: ìka mẹ́ta, funfun, nínú dígí, létí rẹ̀. Àbí n kò rí i? Ta ni mí? Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lásán.

Ẹ Dákẹ́ ti ń kígbe: "Ó parí! Ohun tí mo ń wá nìyẹn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àǹtí kọjú sí mi. Mo wo bàtà mi. Ó kọ "ó dára" sílẹ̀.

Ẹtì, 10
Wọ́n ti tú yàrá dígí palẹ̀. Pákó rẹ̀ ni wọ́n fi ń kan ibojì fún ìran mìíràn. Wọn kò lè tún ìran dígí yà mọ́.

Ìṣẹ́gun, 14
Wọ́n wo ohun tí wọ́n yà. Ìka mẹ́ta, gàgàrà lára ògiri.

"Ẹ wò ó, òkú ń juwọ́ sí wa!" — oníná kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ Dákẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bébà kan sókè lọ́ọ̀ọ́kán. "Thelma, kà á fún mi."

Kò lè kà á.

"Fíìmù mọ́kànlá ni mo ti bá yín ṣe, Ọ̀gbẹ́ni Pruett."

"Mélòó lo rí nínú wọn?"

Àǹtí kó pẹ́ńsù rẹ̀, ó jáde. Kò dárúkọ mi. Èmi náà kò dárúkọ ara mi.

Ọjọ́rú, 15
Mo kọ lẹ́tà ìjẹ́wọ́ sí Ẹ Dákẹ́. Mo fà á ya. Mo tún un kọ. Mo fà á ya.

Àbámẹ́ta, 18
Lẹ́tà dé sí mi láti ibi iṣẹ́ Àǹtí. Àǹtí ló gbà á lọ́wọ́ afìwéránṣẹ́, èmi ni mo ní láti kà á fún un. Wọ́n ní ó ti yé wọn pé èmi ni mo ń ríran fún un. Bí mo bá fẹ́ ipò rẹ̀, kí n wá lọ́jọ́ Ajé.

Ó ń bó ọ̀dùnkún, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí èèpo kù sí.

"Ọjọ́ yẹn — ṣé o rí ọwọ́ yẹn?"

Mo ní rárá.

Ó bó odidi ọ̀dùnkún kan tán.

"Ó dáa. Nígbà náà, sọ fún wọn pé ojú tìẹ náà ti fọ́."